Ọwọ́ Tí Kò Lu Ilẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gun orí ẹní ní gbọ̀ngàn ìjà Belarmino yóò bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, yóò kọjú wọn síta, yóò sì tẹrí ba kí ó tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Àlejò kì í mọ èyí. Ọkùnrin tó wá fi gíláàsì sí fèrèsé ní àárọ̀ Ọjọ́rú náà mọ̀ ọ́n.

Dalva rí i láti àárín àwọn ọmọ. Ọkùnrin náà bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó kọjú wọn síta, ó tẹrí ba, ó sì gbé gíláàsì rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀bẹ kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àfọ́kù tó kù lára férémù. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ àdúgbò ló fọ́ fèrèsé náà.

Méjì-méjì ni àwọn ọmọ ń jà. Jiu-jitsu ni Dalva ń kọ́ wọn, ìjà tí wọ́n ń fi ara dì mọ́ ara lórí ilẹ̀, tí kò sí ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀. Kauane, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, wà lábẹ́ ọmọkùnrin kan tó tóbi jù ú lọ. Ọmọkùnrin náà ti fi kọ́là aṣọ ìjà fún un lọ́rùn. Ojú Kauane ń pọ́n. Kò mira.

"Tú u sílẹ̀!"

Láti ibi fèrèsé ni ohùn náà ti wá. Ọmọkùnrin náà tú u sílẹ̀. Kauane wúkọ́, ó nu imú, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Dalva dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni tíṣà níbí?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ má bínú."

"Mo rí wọn. Mo ti ń bọ̀ wá tú wọn ká."

"Kí ló dé tí kò fọwọ́ lu ilẹ̀?"

"Kò tíì kọ́ ọ."

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń wá?"

Kauane ti ń wá láti ìgbà òjò tó kọjá.

Ní gbogbo gbọ̀ngàn tó wà ní Rio, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ máa ń kọ́ ni fífọwọ́ lu ilẹ̀. Bí wọ́n bá mú ọ débi tó ń dùn ọ́, o ó lu ilẹ̀ tàbí ara ẹni tó mú ọ, yóò sì tú ọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbọ̀ngàn Belarmino, òun ni wọ́n ń kọ́ gbẹ̀yìn. Belarmino ní òun kò lè fi bí a ṣe ń juwọ́ sílẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ọmọ.

"Òfin bàbá mi ni," Dalva sọ níkẹyìn.

Ọkùnrin náà wo àwòrán tó wà lára ògiri, Belarmino nígbà tó ṣì lágbára, pẹ̀lú bẹ́líìtì pupa òun dúdú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọ̀gá àgbà ń so. Ó wò ó pẹ́.

"Ó dáa," ó ní, ó sì padà sídìí gíláàsì rẹ̀.

Nígbà tó ń lọ, ó ní Bira ni orúkọ òun. Dalva kò bèèrè jù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń jẹ́ Bira pọ̀ ní àdúgbò Olaria.

*

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà wá wò ó bóyá àtè gíláàsì náà ti gbẹ. Ó ti gbẹ. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún wá wò ó.

"Tíṣà, Bọ̀dá Gíláàsì ti dé o!" Kauane kígbe. "Fèrèsé wo ló tún fọ́?"

"Kò sí èyí tó fọ́," Dalva ní. "Dojú kọ ẹni tí o ń bá jà."

"Ṣé kí n lọ fọ́ ọ̀kan fún wọn?"

Ọjọ́rú ni Belarmino máa ń lọ sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń bá a na eékún rẹ̀. Bira kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, kò wá lọ́jọ́ mìíràn mọ́. Dalva rò pé ojú ń tì í ni. Ó jẹ́ ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó ní àpá gíláàsì kéékèèké lára ìka, tó máa ń ronú kó tó fèsì. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìjà rí, ó ní. Ó ṣì ń kọ́ wọn. Níbo? Lọ́hùn-ún.

Tí àwọn ọmọ bá ti lọ, Dalva àti Bira á ra àgbàdo sísè, wọ́n á sì gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó gba orí ojú irin kọjá. Bira kì í jẹ́ kí wọ́n rìn kọjá àárín afárá. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí.

Dalva ti pé ọgbọ̀n ọdún. Ìyá rẹ̀ ti kú. Josias, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń wa bọ́ọ̀sì ní ìlú Curitiba, kì í sì í wá sílé. Òun nìkan ló kù tó ń di gbọ̀ngàn náà mú, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọkùnrin tó máa ń rí, lórí ẹní ló ti ń rí wọn, bẹ́líìtì bàbá rẹ̀ sì máa ń lé wọn sá. Ẹni yìí kò sá. Ó kàn ń dúró ní àárín afárá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú. Reluwé ń kọjá lábẹ́ wọn. Bira dúró kó kọjá tán.

"Dalva, orúkọ mi gan-an ni Ubiratan. Gbọ̀ngàn tó wà ní òdìkejì ojú irin ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ."

Ọwọ́ Dalva di irin afárá mú. Wọn kì í pe orúkọ yẹn nídìí tábìlì ilé wọn.

Ogún ọdún ó lé sẹ́yìn, nínú ìdíje àwọn ọmọdé, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá kan tó ń jẹ́ Ubiratan mú apá Josias, ó nà án, ó sì kán ní ìgbọ̀nwọ́. Belarmino sọ fún gbogbo ayé pé Josias lu ilẹ̀, pé ọmọ náà gbọ́ ọ, tí kò sì tú u sílẹ̀. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹni tó dá gbọ̀ngàn òdìkejì sílẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ Belarmino tó fi í sílẹ̀ lọ, ọ̀dàlẹ̀ sì ni àwọn oníjà ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa kú. Wọ́n ní kí ni ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀dàlẹ̀ ì bá tún ṣe.

"O mọ ilé tí o wọ̀ láti ọjọ́ kìíní," Dalva ní.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ gíláàsì ló rán mi. Mo ní kí n fi gíláàsì náà sí i, kí n máa lọ."

"Kí ló dé tí o fi padà wá?"

"Ìwọ náà mọ̀."

"Má dá mi lóhùn báyẹn. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi lu ilẹ̀?"

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

"Mi ò mọ̀," ó ní.

"Báwo ni o ò ṣe ní mọ̀?"

"Àwọn èèyàn ń pariwo. Mi ò gbọ́ ọwọ́ kankan. Ọwọ́ kankan ò bà mí lára. Ṣùgbọ́n ṣé pé kò lù ú ni, àbí pé mi ò fẹ́ gbọ́? Mo fẹ́ borí lọ́jọ́ yẹn, Dalva. Mo ti wá a nínú orí mi títí, mi ò rí i."

Dalva sọ àgbàdo rẹ̀ sínú ike ìdọ̀tí, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ nínú òjò.

*

Zulmira, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ń gbé ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn. Òun ló ń rán aṣọ ìjà àwọn ọmọ, tó sì ń lẹ eékún ṣòkòtò wọn tó bá ya. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Àǹtí."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ bu iyọ̀ sí kọfí mi ni. Ẹnì kan ti ní láti kú."

Dalva jókòó, ó sì sọ ọ́ fún un. Nígbà tó sọ orúkọ náà, Zulmira pa ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ubiratan yẹn?"

"Òun ni."

"Gbogbo ọkùnrin tó kún Rio yìí."

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"Kí ni ìwọ fúnra rẹ wá ń bẹ̀rù? Bàbá rẹ ni?"

Dalva ronú. Kì í ṣe bàbá òun. Ó ti wà lórí ẹní láti ìgbà tí kò tíì lè so bẹ́líìtì fúnra rẹ̀. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń tú èèyàn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ àti ẹni tó ń fi díẹ̀ kún un kó tó tú u sílẹ̀. Bí Josias bá lu ilẹ̀, tí Bira sì gbọ́ ọ, irú ẹni kejì yẹn ni òun ń fẹ́ mú wọ yàrá. Ọjọ́ wo ni yóò di òun mú bẹ́ẹ̀ nínú ilé, tí òun yóò ní ó tó, tí kò sì ní tú òun sílẹ̀?

"Ẹ̀yin, Àǹtí, kí lẹ rí lọ́jọ́ yẹn?"

"Ilé ni mo wà, mò ń se ẹ̀wà. Ìwọ lo wà níbẹ̀."

"Mo jáde lọ ra yìnyín dídùn. Igbe ló mú mi padà wọlé."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ ìtàn náà nínú ilé wọn, ọ̀gá ni, wọn kì í sì í já ọ̀gá nírọ́ lórí ẹní tirẹ̀.

Ọ̀la rẹ̀, Zulmira ká aṣọ ìjà kan tí kò sí ẹni tó ni í, ó fi í sínú àpò, ó sì gba orí afárá kọjá. Nígbà tó dé gbọ̀ngàn òdìkejì, ó ní òun ń wá ẹni tó gbàgbé aṣọ.

"Ọkùnrin rẹ ti rù," ó sọ fún Dalva nígbà tó padà dé. "Ìdúró ló ti ń jẹ búrẹ́dì. Mo ní kó jókòó kó jẹun bí èèyàn."

"Kí ló sọ?"

"Ó jókòó." Zulmira bọ́ bàtà rẹ̀. "Mo wo bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ. Orin ló fi ń kọ́ wọn ní ọwọ́ lílù. Gbogbo wọn ń lu ilẹ̀ pọ̀, pá-pá, eruku ń sọ. Ó tún ní kí n sọ fún ọ pé òun wà lórí afárá ní gbogbo Ọjọ́rú. Kò ní kí o wá. Ó ní òun wà níbẹ̀ ni."

Dalva lọ. Bira wà ní àárín afárá.

"Mi ò wá dárí jì ọ́," Dalva ní. "Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ dárí rẹ̀ jì."

"Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí."

"Kí lo wá fẹ́?"

"Kí n fẹ́ ọ. Kí n wọ ilé yín lọ́sàn-án gangan, kí n sì sọ ọ́ lójú bàbá rẹ."

"Ó máa lé ọ jáde."

"Ó yẹ kó ti rí ààyè ṣe é tipẹ́."

*

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n lọ sílé bàbá Dalva. Belarmino ń jẹ ẹ̀wà dúdú àti ìrẹsì, ó ń bu gàárì yíyan lé e. Zulmira ló kọ́kọ́ wọlé, Dalva tẹ̀ lé e, Bira gbẹ̀yìn. Bira bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì kọjú wọn síta.

"Ta nìyí?"

"Ubiratan ni orúkọ mi, Ọ̀gá."

Belarmino rọra fi ṣíbí lélẹ̀. Ó wo Zulmira. "Ìwọ lo mú un wọ ilé mi?"

"Èmi ni. Ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ̀wà ń tutù."

"Kò ní jókòó."

"Mo wá tọrọ Dalva, Ọ̀gá," Bira ní. "Kò yẹ kí n gba ẹ̀yìn yín."

"O ti gba ẹ̀yìn mi. Fèrèsé mi lo gbà wọlé." Ohùn Belarmino kò ga. "Ọmọ mi ọkùnrin lu ilẹ̀. O gbọ́ ọ. O kò tú u sílẹ̀. Kí n wá fa ọmọ mi obìnrin lé ọ lọ́wọ́?"

"Mi ò gbọ́ ọ, Ọ̀gá."

"O gbọ́ ọ."

"Bó bá lù ú tí mi ò gbọ́, mo bẹ̀ yín. Ó pẹ́ tó yẹ kí n ti wá bẹ̀ yín."

"Ẹ̀bẹ̀ rẹ kò na apá Josias. Jáde."

Bira tẹrí ba, ó wọ bàtà rẹ̀, ó jáde.

Dalva dúró. "Bàbá, mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

"Fẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ ẹ, kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn yóò wà lórí tábìlì yìí. Mi ò ní jẹ́ kí ìyàwó ẹni yẹn kọ́ ọmọ kankan lábẹ́ òrùlé mi."

Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe di èyí tó dé ọrùn Dalva: àwọn ọmọ tàbí Bira. Àti pé kò tíì mọ ẹni tí Bira jẹ́.

*

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn gbọ̀ngàn agbègbè náà ṣe ìdíje ọmọdé ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan. Belarmino kò tíì tún tẹ ibi ìdíje ọmọdé láti ìgbà tí apá Josias ti kán. Zulmira ló mú un lọ.

"Ubiratan ni wọ́n fi ṣe rẹfirí," ó sọ fún un. "Ẹ wá wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹní. Tí ẹ bá wò ó tán tí ẹ ṣì ní rárá, mi ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́."

"Mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ wò."

"Ẹ wá jókòó lásán nígbà náà. Mo ti ra búrẹ́dì wàràkàṣì."

Ó wá. Ó jókòó sí ìlà iwájú, ọ̀pá rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀, àwọn bàbá àwọn ọmọ sì ń wá tẹrí ba fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Dalva kò sọ fún un pé òun ti mú Kauane lọ sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, tí òun sì kọ́ ọ ní ọwọ́ lílù. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rú òfin bàbá rẹ̀.

"Tó bá ń dùn ọ́, pá-pá."

"Bọ̀dá Gíláàsì ló kọ́ yín?"

"Gbé ẹnu rẹ dákẹ́. Pá-pá."

Ìjà Kauane bọ́ sọ́wọ́ Bira. Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ jà ga, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Kò pẹ́ tó fi gba apá Kauane, ó há a mọ́ àárín itan rẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà án. Kauane yí sọ́tùn-ún, kò bọ́. Ó yí sósì, kò bọ́. Bira ti kúnlẹ̀ tì wọ́n. Dalva rí ọwọ́ Kauane kejì tó gbéra láti lu ilẹ̀.

"Má lu ilẹ̀!"

Ohùn náà gba orí gbogbo èèyàn kọjá.

"Kauane! Má lu ilẹ̀!"

Ọwọ́ ọmọ náà dúró. Ó ṣí sílẹ̀ lókè ẹní, kò wá sílẹ̀, kò padà. Ojú rẹ̀ ń wá ẹni tó pariwo. Kò sunkún. Ó dúró bí wọ́n ṣe ní kó dúró.

Bira ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín wọn. Ó yọ apá náà, ó gbé Kauane kúrò, ó sì na ọwọ́ sí ọmọ kejì pé òun ló borí.

Belarmino ti dìde. "Ta ló ní kí o dá a dúró? Ọmọ náà kò lu ilẹ̀!"

"Mo mọ̀, Ọ̀gá," Bira ní. "Mo rí i pé kò ní lù ú."

"Kò lù ú! Ọmọ ilé mi kì í lu ilẹ̀! Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lu ilẹ̀ rí!"

Bira wo Dalva, kì í ṣe bí ẹni tó jàre. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bà.

Dalva kò lè wò ó. Bàbá rẹ̀ ló ń wò. Belarmino ṣì na ọ̀pá rẹ̀ sókè. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀pá náà wálẹ̀. Ó ti gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ.

Kauane fa aṣọ Dalva. "Tíṣà, mo fẹ́ lù ú. Ọ̀gá ní kí n má lù ú."

"Mo gbọ́," Dalva ní. Ó di apá ọmọ náà mú, ó tẹ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wò. Kò sí nǹkan tó ṣe é. "Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi."

Lójú ọ̀nà ilé, wọ́n rìn dé ìsàlẹ̀ afárá.

"Bàbá," Dalva ní, "ọmọ ilé yín kì í lu ilẹ̀. Josias ńkọ́?"

Belarmino ń rìn lọ. Ọ̀pá rẹ̀ ń ró lórí kọnkéré. Kò bojú wẹ̀yìn.

*

Josias pẹ́ kó tó gbé fóònù. Ariwo bọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo gbọ́ Bàbá lónìí," Dalva ní. "Ó ń pariwo mọ́ ọmọ kan pé kó má lu ilẹ̀."

Ariwo bọ́ọ̀sì náà dáwọ́ dúró.

"Josias."

"O ti gbọ́ ọ nìyẹn."

"Ṣé o lù ú?"

"Rárá. Ó ní kí n má lù ú. Mi ò lù ú."

"Kí ló dé tí o ò sọ láti ìgbà yìí wá?"

"Ta ni kí n sọ ọ́ fún? Ìwọ kéré. Bàbá ń sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kì í jẹun. Lọ́jọ́ kan ó ní, 'O lu ilẹ̀, àbí? Mo rí i tí o lù ú.' Ó ń wò mí lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ yẹn ló tó jẹun."

"Ọmọkùnrin kejì ńkọ́? Ṣé o rò ó?"

"Mo rò ó, Dalva. Kí lo rò pé mo wá ṣe ní Curitiba?"

Dalva pa fóònù. Ó gba orí afárá, ó kọjá àárín rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ sí òdìkejì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Bira ń gbá eruku gbọ̀ngàn wọn.

"Kò lù ú," Dalva ní. "Bàbá mi ló ní kó má lù ú."

Bira jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì tún nù ún. Dalva rò pé yóò sọ pé inú òun dùn.

"Apá náà ṣẹ́ síbẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo nà án. Rẹfirí kan, àgbàlagbà, wà níbẹ̀ tó yẹ kó ṣe ohun tí mo ṣe lónìí, èmi náà sì lè fi í sílẹ̀. Mo rí i pé ó ti nà tán. Mò ń dúró de ọwọ́ rẹ̀."

"Ọmọdé ni ọ́ nígbà yẹn."

"Mo mọ̀."

Dalva jókòó tì í. Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e ti ògiri.

*

Wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Dalva sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. "Ọjọ́ Ẹtì ni. Ní aago mẹ́wàá." Belarmino ní òun ti gbọ́. Kò sọ nǹkan kan nípa kọ́kọ́rọ́. Dalva náà kò bèèrè.

Josias dé ní ọjọ́ tó ṣáájú. Zulmira ló wà nílé nígbà tó wọlé, òun ló sì sọ bó ṣe lọ.

"Wọ́n jókòó. Mo se kọfí. Josias ní, 'Bàbá, mi ò lu ilẹ̀.' Bàbá yín ní, 'Mo mọ̀.'"

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Wọ́n mu kọfí."

Ní iwájú ọ́fíìsì ìgbéyàwó, Josias àti Bira dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Àwọn méjèèjì ti ń hu ewú.

"O ti dàgbà," Josias ní.

"Ìwọ náà."

Josias na apá rẹ̀. Ó dúró níbi tó máa ń dúró sí, kò nà tán. "Kò kọjá ibí. Má wò ó bẹ́ẹ̀, ó ń wa bọ́ọ̀sì, ó ń gbé ọmọ méjì. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀, Bira."

"O ti sọ ọ́ báyìí."

Apá yẹn náà ni Josias fi fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Dalva wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí Zulmira rán. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ó ń bojú wẹ̀yìn. Àwọn mìíràn tó wá ṣe ìgbéyàwó ni. Àga tí Zulmira gbé àpò lé nítorí Belarmino, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbẹ̀, àpò náà ló wà lórí rẹ̀ títí tí wọ́n fi ṣe tán.

*

Ní Ọjọ́ Ajé, Dalva mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó fẹ́ dágbére fún àwọn ọmọ kí ó tó fi í sórí tábìlì. Ó ti ń rò ó bọ̀ láti ilé ohun tí òun yóò sọ fún Kauane.

Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ti wà ní ṣíṣí. Bàtà bàbá rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà, ó kọjú síta. Belarmino wọ aṣọ ìjà. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí Dalva ti rí i nínú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Aṣọ náà ti tóbi jù fún un báyìí. Ó jókòó sáàárín ẹní, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nà síwájú, àwọn ọmọ sì yí i ká, wọn kò mira.

"O pẹ́," ó ní.

"Mo mú kọ́kọ́rọ́ wá, Bàbá."

"Mo ní tèmi. Níbo ni ọkọ rẹ wà?"

"Ibi iṣẹ́."

"Fèrèsé yẹn ń jẹ́ kí òjò wọlé ní ìsàlẹ̀. Sọ fún un."

"Mo máa sọ fún un."

"Kó gba ẹnu ọ̀nà wọlé."

Dalva bọ́ bàtà rẹ̀, ó kọjú wọn síta, ó tẹrí ba. Kauane sún, ó ṣe ààyè fún un.

"Wá síbí," Belarmino ní. Ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fi ọwọ́ kan gbé ara rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì na apá ọ̀tún rẹ̀ sí i. "Mú un. Bó ṣe yẹ kí o mú un."

"Bàbá, eékún yín."

"Apá ni mo ní kí o mú."

Ó mú un. Ó há a mọ́ra bó ṣe kọ́ ọ láti kékeré, bí Belarmino fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Apá náà fúyẹ́. Awọ rẹ̀ ti tẹ́ lára egungun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà án, díẹ̀ báyìí.

"Ẹ̀yin ọmọ," Belarmino ní, ojú rẹ̀ wà lókè àjà, "ẹ máa wò ó. Mi ò kọ́ yín ní èyí. Mi ò kọ́ ọmọdé kankan rí."

Dalva nà án síwájú díẹ̀ sí i. Ó gbọ́ èémí bàbá rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ gbéra kúrò lórí ẹní, ó sì dúró lókè. Ó dúró débi pé Kauane yọ ọwọ́ kúrò lẹ́nu.

"Ẹ lù ú, Ọ̀gá," ọmọ náà ní wúyẹ́wúyẹ́.

Belarmino lu ilẹ̀. Dalva tú u sílẹ̀.